Nígbà Tí A Bá Gé Igbó Sí Wẹ́wẹ́: Ẹranko, Ilẹ̀ àti Ìṣirò Wa Níwájú Ọlọ́hun

  

 Nígbà tí àwọn kan gbọ́ pé ọ̀rọ̀ igbó àti ẹranko ni mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí, wọ́n bi mí pé, "Lèmọ́ọ̀mù, ṣé ọ̀rọ̀ ìrun àti ààwẹ̀ ti tán ni?" Kò tán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lọ́rùn mi tí n kò tíì dáhùn, ọmọ kékeré kan ni ó sì bi mí.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-kéwú ní abúlé wa ní ìtumọ̀ Súrátùl An'ám. A dé ẹsẹ̀ 38, níbi tí Ọlọ́hun ti jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹranko tí ń rìn lórí ilẹ̀ àti ẹyẹ tí ń fi ìyẹ́ méjèèjì fò náà ní ìjọ tiwọn, gẹ́gẹ́ bí àwa ọmọ ènìyàn ṣe ní tiwa. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Àáfà, bàbá àgbà mi sọ pé ọ̀bọ pọ̀ lẹ́bàá odò wa rí. Ìjọ tiwọn dà? Níbo ni wọ́n kó lọ?"

Mo ní kí a máa bá ẹ̀kọ́ wa lọ. Kì í ṣe pé n kò mọ ìdáhùn. Mo mọ̀ ọ́n, ojú ni ó ń tì mí.

ILẸ̀ TÍ A JOGÚN

Abúlé wa wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní ìhà ibi tí igbó ọba tí à ń pè ní Ọmọ wà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igbó ńlá kan wà ní ìhà ìlà-oòrùn wa tí ó ń lọ pàdé igbó ọba yẹn. Igbó kékeré kan náà wà lórí òkè lẹ́yìn ilé. Odò ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, igi sì dúró ní bèbè odò náà lọ́tùn-ún lósì, láti igbó ńlá títí dé igbó kékeré. Fífẹ̀ igbó bèbè odò yìí kò pọ̀ rárá. Ẹni tí ó bá sọ òkò dáadáa lè sọ ọ́ já sí òdìkejì. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀bọ máa ń gbà. Bí a bá ti kírun Aláásárì tán, àwa ọmọdé á lọ jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, à á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ti orí igi kan bọ́ sórí òmíràn, ìyá á pọn ọmọ mọ́yà, ọ̀kan á sì dúró ṣọ́nà fún àwọn yòókù.

Ní ọdún 2007, àwọn agégi wá bá ẹbí wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ igi bèbè odò yẹn, àwọn tí ó fẹ́ dá oko pákí sì ti ń dúró de ilẹ̀. Àwọn ẹbí ní kí á lọ bi Àáfà. Èmi ni Àáfà. Mo ti ka ìwé ní ilé-kéwú, mo ti jáde ní yunifásítì, wọ́n gbà pé ohun tí mo bá sọ yóò tọ̀nà. Mo ní, "Igbó ńlá ń bẹ, igbó kékeré ń bẹ, ojú odò lásán ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e." Nínú owó yẹn ni a ti ra páànù tí a fi bo ilé-kéwú. Abẹ́ páànù yẹn gan-an ni ọmọ náà jókòó sí nígbà tí ó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ọ̀bọ orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko wa. Wọ́n ń jẹ àgbàdo, wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní, "Ẹ ò rí i pé ńṣe ni wọ́n tún ń pọ̀ sí i?" Wọn kò pọ̀ sí i o. Ọ̀nà ni ó dí mọ́ wọn. Nígbà tí èso inú igbó kékeré bá tán, wọn kò rí ibi gbà lọ sí igbó ńlá mọ́, oko wa ni ó kù. Àwọn ọdẹ yìnbọn pa díẹ̀ nínú wọn, ajá pa díẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún keje, a kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ igbó orí òkè yẹn wà níbẹ̀ títí di òní, kò sí ẹni tí ó gé e. Ohun tí ó yẹ kí á yẹ̀ wò nìyí: igi dúró, ẹranko lọ. Báwo ni ó ṣe jẹ́?

AṢỌ KAN, ẸJÁ OGÚN

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí a bá gé igbó tán, ẹranko inú rẹ̀ yóò tán. Èyí kò ṣòro láti yé ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò tètè ń yé wa ni pé igbó lè kù púpọ̀, kí ẹranko ó sì tán síbẹ̀, nítorí pé a ti gé igbó náà sí wẹ́wẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á mú aṣọ yáàdì 10. Bí a bá fi sísọ́ọ̀sì gé e sí ẹ̀já 20, tí a sì tò wọ́n kí á wọ̀n wọ́n, yáàdì 10 náà ni yóò jẹ́. Aṣọ kò dín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rán agbádá nínú rẹ̀? Bí igbó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ mú bírò. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé igbó kan gùn ní mítà 1,000, ó sì fẹ̀ ní mítà 1,000. Hẹ́kítà 100 nìyẹn. Oòrùn, atẹ́gùn, iná oko àti ọdẹ máa ń wọ etí igbó. Bí a bá ní wọ́n wọlé dé ìwọ̀n mítà 100 láti ìhà gbogbo, hẹ́kítà 64 ni yóò kù ní àárín gbùngbùn tí yóò tutù, tí yóò ṣókùnkùn, tí ọkàn ẹranko yóò balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá pín igbó kan náà sí ọ̀nà 4, kí á má gé igi kan kún un, kí á sì jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra wọn. Hẹ́kítà 9 péré ni yóò kù ní àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36. Ẹ tún wá pín in sí ọ̀nà 100, hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Kò sí àárín gbùngbùn mọ́ rárá. Gbogbo rẹ̀ ti di etí igbó. Hẹ́kítà 100 ni síbẹ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n fún ẹranko tí kò lè gbé bí kò ṣe àárín igbó, òfo ni.

OHUN MẸ́RIN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀

Èkíní: ààyè kò gbà wọ́n mọ́. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ilẹ̀ tí yóò bọ́ ọ. Ìgbín lè gbé lẹ́yìn ilé yín. Ẹtu fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Erin ní tirẹ̀ máa ń rìn ọ̀nà jínjìn láti ibi omi dé ibi èso. Nítorí náà, àwọn ńlá ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ, àwọn ni wọn kì í sì í tètè bímọ. Oyún erin tó oṣù 22 kí ó tó bí. Ìnàkí lè lo ọdún 5 kí ó tó tún bímọ mìíràn. Ohun tí ọdún kan bá bà jẹ́ fún irú wọn, ó lè má tún ṣe láàárín ọdún 10.

Èkejì: etí igbó kì í ṣe igbó. Igi ńlá tí ó ti wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, bí a bá gé àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn yóò bì í wó. Oòrùn á gbẹ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ewé Akíntọ́lá tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ á gba ibẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ewé yìí á gbẹ, iná oko á mú un, iná náà á sì wọnú igbó síwájú sí i. Etí igbó á máa sún wọlé lọ́dọọdún, láìjẹ́ pé ẹnì kan mú àdá.

Ẹ̀kẹta: ìbátan á gé. Nínú ìjọ ọ̀bọ púpọ̀, bí ọmọ akọ bá dàgbà, ńṣe ni ó máa ń kúrò lọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀ lọ wá ẹgbẹ́ mìíràn. Ọlọ́hun ni ó fi í sí wọn lára. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, àwọn tí ó kù á máa gun ara wọn, ìyá àti ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀jẹ̀ wọn á di aláìlágbára, àìsàn kan ṣoṣo sì lè pa gbogbo wọn. Bí àìsàn bá pa àwọn ti igbó kan nígbà tí igbó ṣì so mọ́ra, àwọn ti ìhà kejì á wá rọ́pò wọn. Bí ọ̀nà bá ti gé, kò sí arọ́pò.

Ẹ̀kẹrin: ọ̀nà tí a là fún ọkọ̀ agégi, òun náà ni ọdẹ ń gbà. Ibi tí ó ń gba ọjọ́ méjì kí ọdẹ tó dé tẹ́lẹ̀, alùpùpù á gbé e débẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹran ìgbẹ́ tí ẹbí kan ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti di ọjà tí wọ́n ń tò sí ẹ̀bá títì.

Ẹ̀RÍ LÁTI ILẸ̀ ÒKÈÈRÈ

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ abúlé wa nìkan ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí á wo ibi méjì tí àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo irú nǹkan báyìí.

Ní ilẹ̀ Panama, wọ́n sé odò kan láti la ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní ọdún 1914. Omi bo ilẹ̀, òkè kan tí igbó wà lórí rẹ̀ sì di erékùṣù. Barro Colorado ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1923 ni wọ́n ti dá a sí fún ìwádìí, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé igbó rẹ̀. Síbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ irú ẹyẹ tí ó wà níbẹ̀ ni ó ti pòórá, àwọn ẹyẹ abẹ́ igbó tí kì í lè fò sọdá omi. Igbó wà, ọ̀nà ni kò sí.

Ní ilẹ̀ Brazil, nítòsí ìlú Manaus, Thomas Lovejoy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 1979. Bí àwọn olówó ṣe ń gé igbó Amazon láti fi ṣe pápá màlúù, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣẹ́ igbó kù ní hẹ́kítà 1, ní hẹ́kítà 10 àti ní hẹ́kítà 100, kí àwọn lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ibẹ̀, irú ẹyẹ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tẹ̀ lé èèrà kan tí ó dà bí ìjàlọ tiwa. Bí èèrà bá ń lọ lọ́wọ̀ọ́wọ́, kòkòrò á máa sá, ẹyẹ á máa ṣa kòkòrò jẹ. Igbó kékeré kò lè gba ọ̀wọ́ èèrà tí yóò tó o jẹ, ẹyẹ náà sì lọ. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn èèrà nínú Súrátùn Námlì, èyí tí ó kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí ọmọ ogun Ànábì Sulaymān. Ẹ̀dá tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìbojú wò ni ó ń gbé ẹlòmíràn ró.

Wọ́n tún rí i níbẹ̀ pé àlàfo tí kò ju mítà 80 lọ ti tó láti dá àwọn ẹyẹ abẹ́ igbó kan dúró. Ìyẹ́ wọn gbé wọn o, ṣùgbọ́n wọn kì í jáde sí gbangba oòrùn. Nígbà tí mo ka èyí, ara mi bù máṣọ. Mo rántí ojú odò wa.

Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kó irú ìwádìí báyìí jọ láti ìlú púpọ̀, wọ́n sì ṣàlàyé pé nínú gbogbo igbó tí ó kù láyé, ìpín 70 nínú 100 ni kò jìnnà ju kìlómítà kan lọ sí etí igbó. Èyí ni pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní igbó lónìí, etí aṣọ ni.

GBÈSÈ TÍ A KÒ RÍ

Ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gbèsè, ọ̀rọ̀ yìí sì yẹ kí ó ba àwa Mùsùlùmí lẹ́rù, nítorí a mọ bí gbèsè ti wúwo tó lọ́rùn òkú. Ọjọ́ tí a bá gé igbó sí wẹ́wẹ́ kọ́ ni ẹranko máa ń tán. Wọ́n lè wà níbẹ̀ fún ọdún 5, fún ọdún 20, kí á máa wò wọ́n, kí á máa ní, "Ṣebí wọ́n ṣì wà." Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù kò tó láti mú ìran wọn dúró. Wọ́n ti di ẹni tí ọjọ́ ikú rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Ẹni tí ó gé igbó lè ti kú kí gbèsè náà tó pé. Ọmọ rẹ̀ ni yóò bi àáfà pé níbo ni wọ́n kó lọ.

Síbẹ̀, gbèsè yìí ní àánú nínú. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì pé, a ṣì lè san án, bí a bá tètè so igbó tí a gé padà mọ́ra.

NÍ ILẸ̀ TIWA NÍBÍ

Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti igbó Shasha ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, igbó kan ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1925 ni ìjọba àmúnisìn ya Ọmọ sọ́tọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó kìlómítà 1,300 níbùú-lóròó. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ibi pàtàkì láyé ní ọdún 1977. Nígbà tí ó yá, ìjọba gé apá ńlá nínú igbó àdánidá yẹn láti gbin igi gmelina fún pákó àti pépà. Ẹni tí ó bá ń ti ọkọ̀ wò ó á ní igbó ni. Ṣùgbọ́n igi kan náà ni a tò bí ọmọ ogun. Kí ni ìnàkí yóò jẹ níbẹ̀? Lẹ́yìn èyí, agégi dé, oko kòkó dé, abúlé sì ń pọ̀ sí i. Erin àti ìnàkí ṣì kù nínú ẹkùn igbó yìí, ṣùgbọ́n wọ́n kéré, wọ́n sì fọ́n ká. Ní ọdún 2021, àjọ tí ń ka ẹ̀dá tí ó fẹ́ parẹ́ láyé kéde pé erin igbó Áfíríkà ti dé bèbè ìparun. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Súrátùl Fíìlì, ẹ rántí pé erin kò jìnnà sí wa tó bí àwọn ọmọ ṣe rò. Bóyá yóò ṣì wà nígbà tí ọmọ wọn bá ń ka súrà náà, ọwọ́ wa ni ìyẹn wà.

Ẹ wo ẹyẹ kékeré kan náà. Ó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, ara rẹ̀ dúdú, akọ rẹ̀ sì ní àwọ̀ pupa lórí àti láyà. Orúkọ Ìbàdàn ni àwọn onímọ̀ fi pè é nígbà tí Elgood kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958. Kò sí níbòmíràn lábẹ́ ọ̀run àfi ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Kò sí ní Mẹ́kà, kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá tán lọ́wọ́ wa, ó tán láyé nìyẹn. Ọ̀kan nínú ibi tí a ti ń rí i ni igbó tí ó tó hẹ́kítà 350 nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn, IITA, ní Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn jẹ́ oko rí. Wọ́n fi í sílẹ̀, igi hù padà, ẹyẹ sì ń gbé e. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó bá ní igbó tí ó ti lọ kò lè padà mọ́.

"KÍ LÓ KÀN WÁ?"

Àwọn kan á ní, "Àáfà, bí ọ̀bọ lọ, bí erin lọ, kí ló kàn wá?" Ó kàn wá púpọ̀. Ta ni ń gbin ìrókò? Ẹ ò tíì rí àgbẹ̀ tí ó ń gbin ìrókò kiri. Àdán ni ó ń jẹ èso rẹ̀, tí ó ń gbé kóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jínjìn. Àpọ̀n tí à ń fi se ọbẹ̀, erin wà lára àwọn tí ń gbé èso rẹ̀ mì tí wọ́n sì ń fi ìgbẹ́ gbìn ín. Bí àwọn agbìngi bá tán, igi tí ó wà lórí ìdúró lónìí lè máà ní ọmọ. Igbó tí kò ní ẹranko mọ́ dà bí mọ́sáláṣí tí kò ní ọmọ kéwú. Ilé dúró o, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ìrun lọ́la?

Nínú ẹranko náà, àwọn kan wà tí gígé igbó dùn mọ́. Eku tí ń gbé àrùn ibà Lassa kiri, àrùn tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní abúlé Lassa ní Bọ̀nọ́ ní ọdún 1969, kì í ṣe ẹran igbó dídí. Oko àti ilé ni ó fẹ́ràn. Bí a bá sọ igbó di oko wẹ́wẹ́, ibùgbé irú rẹ̀ ni à ń fẹ̀. A lé erin lọ, a pe eku wọlé.

KÍ NI Ẹ̀SÌN SỌ?

Ọ̀pọ̀ àwa àáfà ni a máa ń fi ọ̀rọ̀ kan gba igbó gégé láyè. À ń ní, Ànábì wa ti sọ pé ẹni tí ó bá sọ òkú ilẹ̀ di ààyè, òun ni ó ni ín. Òótọ́ ni hadíìsì yìí. Èmi náà lò ó nínú ọkàn mi ní ọdún 2007. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé igbó tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀, tí ẹyẹ ń bímọ nínú rẹ̀, òkú ilẹ̀ ni? Ààyè ni a rí tí a pa, tí a wá pè é ní òkú. Àwọn àgbà fíkìhì wa náà sọ̀rọ̀ nípa harīm, ìyẹn ààyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ní ẹ̀bá kànga, ẹ̀bá odò àti ẹ̀bá ìlú, tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ sọ di tirẹ̀. Ká ní mo rántí harīm lọ́jọ́ náà, mi ò bá má sọ pé ojú odò lásán ni.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, fúnra rẹ̀ ya agbègbè Mẹ̀dínà sọ́tọ̀ pé kí wọ́n má gé igi rẹ̀, kí wọ́n má sì dọdẹ ẹran rẹ̀. Ó tún dá himā sílẹ̀, ilẹ̀ tí a pamọ́ fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Nígbà tí Sáídínà Umar dé orí oyè, ó mú himā tirẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún ẹni tí ó fi ṣọ́ ọ pé kí ó jẹ́ kí tálákà tí ẹran rẹ̀ kò tó nǹkan wọlé, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún ti àwọn olówó, nítorí pé bí ẹran olówó bá kú, ó ní oko mìíràn tí yóò padà sí. Ẹ kíyè sí èyí. Ìpamọ́ ilẹ̀ nínú Ìsìláàmù kì í ṣe láti fi ebi pa tálákà. Ọwọ́ alágbára ni a fi ń dá dúró.

A sì mọ hadíìsì tí ó sọ pé Mùsùlùmí tí ó bá gbin igi, tí ènìyàn tàbí ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ nínú rẹ̀, sàdákà ni fún un. Bí gbígbìn bá jẹ́ sàdákà, kí ni ẹ rò pé a óò pe gígé tí kò nídìí?

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dá oko. Ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ibi tí a óò ti gé ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá fẹ́ ilẹ̀, kí á kọ́kọ́ lo ilẹ̀ àtijọ́ tí ewé Akíntọ́lá ti bò. Bí ó bá di dandan kí á gé nínú igbó, kí á gé e láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí á má là á láàárín. Kí á fi igi bèbè odò sílẹ̀. Kí á fi igi ńlá sílẹ̀ nínú oko kòkó gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe, nítorí ẹranko púpọ̀ lè gba abẹ́ irú oko bẹ́ẹ̀ kọjá. Kí á sì gbin igi sí ibi tí ọ̀nà ti já.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní ilẹ̀ Brazil kan náà, ọ̀bọ kékeré kan wà tí irun rẹ̀ dà bí wúrà. Ní àwọn ọdún 1970, nǹkan bíi 200 ni ó kù nínú igbó, nínú ẹ̀já igbó tí ó fọ́n ká ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro. Àwọn onímọ̀ àti àwọn àgbẹ̀ pawọ́ pọ̀ gbin igi láti so ẹ̀já kan mọ́ òmíràn. Ní ọdún 2020, wọ́n kọ́ afárá kan sórí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó gé igbó náà, wọ́n sì gbin igi sórí afárá yẹn kí ẹranko lè máa gba ibẹ̀. Àìsàn ibà pọ́njú pa púpọ̀ nínú wọn láàárín 2016 sí 2018, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní ọdún 2023, wọ́n ti tó 4,800. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù rí ọ̀nà lọ bá ara wọn.

Ní ti abúlé wa, ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi àgbà fẹ́ ta igi tí ó so igbó ńlá mọ́ igbó ọba. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má tà á. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àáfà, ìwọ ni o ní kí á gé ti ìṣáájú. Ṣé ọ̀bọ ni yóò san owó ilé-ìwé ọmọ mi ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nítorí òótọ́ ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ṣìnà nígbà yẹn, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí á ṣì í lẹ́ẹ̀kejì." A sọ ọ́ títí. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n dá oko sí ilẹ̀ àtijọ́ tí ó wà lójú ọ̀nà, kí á fi igi tí ó so igbó méjèèjì mọ́ra sílẹ̀, kí èmi ó sì mú nínú owó kòkó tèmi san owó ilé-ìwé ọmọ náà fún ọdún méjì. Kò rọ̀ mí lọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń wàásù kí ẹlòmíràn má ta igi, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ẹni náà yóò jẹ.

Àwọn ọmọ ilé-kéwú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi sí ojú odò tí a gé lọ́jọ́sí. Igi náà kò tíì ga ju èjìká mi lọ. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ ohùn ọ̀bọ lórí òkè yẹn, ó sì lè jẹ́ pé kí n tó kú n kò ní gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ọmọ tí ó bi mí ní ìbéèrè ọjọ́ náà, mo dá a lóhùn níkẹyìn. Mo ní, "Ìjọ wọn kò kó lọ sí ibì kankan. Àwa ni a gé ọ̀nà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ìwọ máa bomi rin igi rẹ."

Ẹ̀yin ará mi, kí oníkálùkù wo ilẹ̀ tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀, kí àwọn lèmọ́ọ̀mù sì fi ọ̀rọ̀ yìí sínú wáàsí Jímọ̀ wọn. Obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò kan ṣoṣo tí ó tì mọ́lé láìfún un ní oúnjẹ, láìsì jẹ́ kí ó jáde lọ wá tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì wa sọ fún wa. Èwo wá ni ti ẹni tí ó ti odidi ìjọ mọ́nú igbó kékeré?

Kí Ọlọ́hun fi orí jì wá, kí Ó jẹ́ kí á tún ohun tí a bà jẹ́ ṣe kí ọjọ́ tó lọ. Àmín.